Ṣáńdílíà Bàbá Wa Lábẹ́ Igi Máńgòrò: Ṣé Àbẹ́là Lè Gba Ipò Gílóòbù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. A ń tún ilé bàbá wa tó ti dolóògbé ṣe ní Jẹ́ríkọ̀, n'Íbàdàn. Ṣáńdílíà ńlá kan wà nínú pálọ̀, ó ní apá mẹ́jọ, ó sì wúwo. Ó ti lé lógún ọdún tó ti tàn gbẹ̀yìn. Oníṣẹ́ iná tó wá wò ó ní kí n gbé e fún àwọn oníkóńdẹ̀mù, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò gbà á. Màmá wa máa pé ẹni 70 ọdún nínú oṣù Kejìlá, a sì fẹ́ jẹun alẹ́ níta, àwa ẹbí nìkan, lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé. Ṣé mo lè yọ gílóòbù kúrò, kí n fi àbẹ́là sí i, kí n gbé e kọ́ sókè tábìlì? Ṣé wẹ́dà àdúgbò lè ṣe é, àbí iṣẹ́ ẹlòmíì ni? — Àbígbẹ̀yìn, Jẹ́ríkọ̀.

Ìdáhùn: Àǹtí, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o. Màmá á ṣe é láyọ̀. Ẹ má gbé e fún oníkóńdẹ̀mù. Orí òṣùwọ̀n ni wọ́n máa gbé e sí, wọn ò ní san kọ́bọ̀ lórí iṣẹ́ ọwọ́ tó wà lára rẹ̀.

Ó ṣeé ṣe. Mo ti ṣe irú rẹ̀ bíi mélòó kan ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ṣùgbọ́n fífi àbẹ́là rọ́pò gílóòbù tí ẹ bi mí yìí, iṣẹ́ ọ̀sán kan péré ni. Iṣẹ́ gan-an wà nínú ohun tó gbé e kọ́, ohun tó wà lókè iná, àti ohun tó wà nísàlẹ̀ iná. Gílóòbù kì í kán sínú ọbẹ̀. Atẹ́gùn kì í fẹ́ ẹ. Kì í sì í jó gèlè ẹnikẹ́ni.

Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe, ojú tì mí. Ike funfun gígùn kan máa ń wà ní ìdí gílóòbù irú ṣáńdílíà báyìí, wọ́n ṣe é bí ẹni pé àbẹ́là ni. Mo rí i pé ó rẹwà, mo fi í sílẹ̀, mo ki àbẹ́là gidi bọ orí rẹ̀. Ní wákàtí àkọ́kọ́, kú iṣẹ́ ni gbogbo èèyàn ń kí mi. Ìgbà tí àbẹ́là jó débi ike, ike rọ̀, ó tẹ̀ bí ẹni tó ń tọrọ gáfárà, àbẹ́là bá já lulẹ̀ sáàárín tábìlì. Ọlọ́run ló yọ wá, inú abọ́ ìṣanwọ́ ló bọ́ sí. Àmọ́ ọ̀rá rẹ̀ ti kán sínú ẹ̀gúsí bàbá àgbàlagbà kan ká tó mọ̀. Bàbá fi ìka kàn án, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Wẹ́dà, ọbẹ̀ yìí ti ń dì." Láti ọjọ́ yẹn, n kì í fi ike kankan sílẹ̀ lábẹ́ iná.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ọ́ kalẹ̀ ná. Oníṣẹ́ iná ló ni ìyẹn, kì í ṣe wẹ́dà. Kí ẹnikẹ́ni tó gun àkàbà, ẹ pa bírékà. Ẹ má rò pé torí NEPA ti mú iná lọ, wáyà ti kú. Ilé púpọ̀ n'Íbàdàn ló ní ínfátà báyìí. Tó bá jẹ́ òun ló ń gbé iná pálọ̀, wáyà òkè yẹn wà láàyè bí gbogbo àdúgbò tilẹ̀ ṣókùnkùn. Kí ó fi tẹ́sítà kàn án kí ó tó fọwọ́ kàn án. Nínú ilé àtijọ́, wáyà pupa ló máa ń gbé iná wá, dúdú á dá a padà, ṣùgbọ́n ẹ má fi àwọ̀ ṣe ẹ̀rí, torí a ò mọ iye ọwọ́ tó ti tún un ṣe láti ìgbà náà.

Tí sílìn yín bá jẹ́ páálí líle aláwọ̀ eérú tí wọ́n ń pè ní ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lu ú tàbí kí wọ́n gé e ní gbígbẹ. Eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó sì lè ju ogún ọdún lọ kí àìsàn rẹ̀ tó yọjú. Kí wọ́n wọ́n omi sí ibi tí ìkọ́ wà, kí wọ́n sì fi aṣọ tútù nu ilẹ̀ lẹ́yìn náà. Kí wọ́n má gbá a o.

Tó bá ti délẹ̀, ẹ fa gbogbo wáyà inú rẹ̀ yọ. Gbogbo rẹ̀. Ẹ má ṣẹ́ ẹyọ kan kù, kí ọmọ kan má lọ kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ní ọdún mẹ́ta sí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ wádìí ohun tí wọ́n fi ṣe é. Òòfà tó wà lẹ́yìn sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́ ni mo máa ń lò. Ẹ fi kan apá ṣáńdílíà. Tó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni, wọ́n kàn fi omi idẹ bò ó ni. Tí kò bá lẹ̀, ẹ fi fáìlì ha abẹ́ rẹ̀ díẹ̀, níbi tí ojú kò tó. Tí ibẹ̀ bá ń dán ní yẹ́lò, idẹ ni, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá. Tó bá funfun ràkọ̀ràkọ̀ bí eérú, síńkì tí wọ́n yọ́ dà ni. Ìyẹn máa ń ṣẹ́ bí ẹ̀gẹ́, kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ iná wẹ́dà rárá, torí nǹkan bíi 400 sẹ́ntígíréètì ló ti ń yọ́.

Tó bá jẹ́ idẹ, osàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ á mú un dán. Àwọn tó ń ki Ọ̀ṣun ní "awẹdẹ kó tó wẹmọ" mọ ohun tí wọ́n ń wí: ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ idẹ alápá mẹ́jọ, ọmọ á sunkún ti. Ẹ fi omi ṣan án dáadáa, kí ẹ sì nu ún gbẹ, kí omi osàn má bàa jẹ ẹ́.

Nísinsìnyí, ibi tí gílóòbù ń jókòó sí. Tí ẹ bá tú ilé gílóòbù àti ike rẹ̀ kúrò, ẹ máa bá páìpù kékeré kan tó ní tíréèdì. Inú rẹ̀ ni wáyà ti ń jáde. Ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà kankan jó ohunkóhun mọ́ idẹ yẹn. Ẹ̀rọ ajórin oníná tí ọ̀pọ̀ wa ń lò kò bá idẹ rẹ́: síńkì inú idẹ á máa hó jáde ní èéfín funfun, ihò lẹ máa bá níbẹ̀. Ẹni tó bá fa èéfín náà símú, ara rẹ̀ á gbóná lóru, á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Mílíìkì tí àwa wẹ́dà ń mu kò gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀, ká sòótọ́.

Ohun tí mo máa ń ṣe nìyí. Mo máa gba nọ́ọ̀tì àtijọ́ tó fún ilé gílóòbù mọ́lẹ̀, mo máa gé páìpù irin ní sẹ̀ntímítà mẹ́ta, mo máa jó páìpù náà mọ́ orí nọ́ọ̀tì lórí tábìlì tèmi, jìnnà sí idẹ. Á wá di ife kékeré tí ẹ lè fọwọ́ yí wọlé, tí ẹ sì lè fọwọ́ tú. Nọ́ọ̀tì àtijọ́ yẹn ṣe pàtàkì. Tíréèdì ṣáńdílíà wẹ́wẹ́ ju ti mọ́tò lọ, nọ́ọ̀tì tí ẹ bá rà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì kò ní wọ̀ ọ́, bí fífẹ̀ wọn tilẹ̀ dọ́gba. Tí ó bá jẹ́ pé idẹ ni nọ́ọ̀tì náà, kí wọ́n fi gáàsì jó o, kì í ṣe oníná. Ní ti páìpù, ihò inú páìpù 3/4 íǹṣì tó nǹkan bíi mìlímítà 21, ó ń gba àbẹ́là tó nípọn. Àbẹ́là funfun tí àwọn oníkíọ́ọ̀sì ń tà tín-ínrín ju ìyẹn lọ; ẹ fi fóìlì wé e nídìí kí ó lè dúró ṣinṣin. Ó dára jù kí ẹ gbé àbẹ́là tí ẹ máa lò gan-an dání lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà, kí ó fi wọn páìpù kí ó tó gé e.

Lábẹ́ ife yìí ni ohun tó ń gba ọ̀rá máa wà. Agolo tòmátò ni mo fẹ́ràn jù, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ gé e kí gíga rẹ̀ kù bí ìka méjì, ẹ tẹ etí rẹ̀ sínú kí ó má gé èèyàn lọ́wọ́, ẹ lu ihò sí ìdí rẹ̀. Páìpù tíréèdì á gba inú ihò yẹn kọjá, ife á sì fún agolo mọ́lẹ̀. Ọ̀dà sàlẹ́ńsà ni kí ẹ fi kùn ún, ẹ máa rí i lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Gate. Ó ń fara da ooru. Dúdú ni kí ẹ rà. Dúdú lára idẹ, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé tòmátò ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Tí ó bá ní àwọn ìlẹ̀kẹ̀ dígí tó rọ̀ wálẹ̀, ẹ yọ gbogbo èyí tó bá wà lókè iná. Ẹ fi ti ìsàlẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ pààrọ̀ okùn náílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi so ó sí wáyà tín-ínrín.

Ẹ jẹ́ ká wá sídìí igi máńgòrò. Ẹ gun òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ara, ẹ kọ nọ́ńbà yín sílẹ̀, ẹ gbé ṣáńdílíà dání, ẹ tún un gùn. Ìyàtọ̀ wọn ni ìwọ̀n rẹ̀. Tó bá jẹ́ kílò 12, ṣéènì àti ìkọ́ tó lè gbé 60 ni mo máa lò. Ìlọ́po márùn-ún, n kì í dín in kù. Ẹ̀ka tí ẹ máa kọ́ ọ sí gbọ́dọ̀ jẹ́ tútù, kí ó nípọn bí itan àgbàlagbà, kí ó má sì jìnnà sí ara igi. Ẹ fi òòlù kàn án jẹ́jẹ́ káàkiri: tó bá dún bí àpótí òfìfo, ikán tàbí jíjẹrà ti wọ inú rẹ̀. Ẹ má kan ìṣó mọ́ ọn. Bẹ́líìtì fífẹ̀ tí àwọn onítírélà fi ń di ẹrù ni kí ẹ gbé kọjá lórí ẹ̀ka, kí ẹ tẹ́ rọ́bà táyà sábẹ́ rẹ̀, kí ṣéènì wá so mọ́ bẹ́líìtì. Tí kò bá sí ẹ̀ka tó tó bẹ́ẹ̀, ẹ gbàgbé igi, kí wẹ́dà ri òpó irin méjì mọ́ ilẹ̀ pẹ̀lú kọnkéré, kí ó gbé irin kan dábùú orí wọn.

Ẹ má fi ṣéènì kan ṣoṣo gbé e. Atẹ́gùn á máa yí i bí òkòtó, ọ̀rá gbígbóná á sì máa fò sára àwọn àlejò. Ṣéènì méjì tó ya ẹsẹ̀ lókè, tó pàdé lórí ṣáńdílíà, kì í jẹ́ kí ó yí púpọ̀. Tí owó bá sì tó o, ẹ ní kí wọ́n fi púlì sí i, kí ẹ lè sọ ọ́ kalẹ̀ tan, kí ẹ tún fà á sókè, ṣéènì ni kí ẹ fi fà á, kì í ṣe okùn. Kí èèyàn gun àkàbà tòun ti ìṣáná láàárín àlejò, n kò fọwọ́ sí i.

Àbẹ́là kan ń tú ooru bíi wáàtì 80 jáde. Mẹ́jọ jẹ́ 640, ó ju ìdajì áyọ́ọ̀nù oníwáàtì 1,000 lọ, tí ẹ gbé kọ́ sábẹ́ ewé. Oṣù Kejìlá tí ẹ mú dára ní ti òjò, kò dára ní ti ọyẹ́, torí ewé tó já sílẹ̀ ti gbẹ. Kí mítà kan àbọ̀, ó kéré tán, wà láàárín orí iná àti ewé tó sún mọ́ ọn jù. Kí ẹ sì gbá ewé gbígbẹ abẹ́ igi kúrò lọ́jọ́ náà. Garawa iyanrìn kan gbọ́dọ̀ wà nítòsí. Tí ọ̀rá àbẹ́là bá gbiná nínú agolo, ẹ má da omi sí i, á fọ́n ká; iyanrìn ni kí ẹ dà, tàbí kí ẹ fi ìdérí bò ó.

Gèlè ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ayẹyẹ màmá n'Íbàdàn ni, ẹ mọ bí gèlè ṣe ń ga. Ẹni tó bá dìde láti kí ìyá àgbà lè ti orí bọ iná kí ó tó mọ̀. Fún ìdí èyí, àwọn apá ṣáńdílíà kò gbọdọ̀ dé etí tábìlì: ẹ jẹ́ kí ó ku ọgbọ̀n sẹ̀ntímítà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kí iná ga ju mítà méjì lọ láti ilẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ ná màmá lówó, kí wọ́n jìnnà sí tábìlì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Atẹ́gùn ọyẹ́ á máa pa iná. Dígí láńtà, ti àtùpà kẹrosíìnì, ni oògùn rẹ̀. Ó ṣí lókè, ó ṣí nísàlẹ̀. Àmọ́ tí ẹ bá gbé e jókòó pẹlẹbẹ sínú agolo, afẹ́fẹ́ kò ní rí ọ̀nà wọlé nísàlẹ̀, iná á máa jó rẹ̀rẹ̀, èéfín dúdú á sì ba dígí jẹ́. Wẹ́dà lè jó ìṣó kúkúrú mẹ́ta sínú agolo kí ó tó kùn ún lọ́dà, kí dígí dúró lórí wọn, kí àyè tó ìka kan wà nísàlẹ̀. Iná á wá dúró gbọn-in, á mọ́. Ẹ gé òwú àbẹ́là kúrú kí ẹ tó tàn án.

Ẹ tan ẹyọ kan ṣáájú ọjọ́ náà, kí ẹ fi fóònù wo iye wákàtí tó lò. Ẹ máa pa iná nígbà tó bá ku ìka mẹ́ta kí ó dé ẹnu ife, torí irin á gbóná, gbogbo ọ̀rá tó kù á sì yọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí àwọn ọmọdé bá pọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, àbẹ́là oníbátìrì wà lọ́jà, wọ́n ń wọ inú ife kan náà, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀.

Ilé gílóòbù àti àwọn ohun èlò yòókù tí ẹ bá tú, ẹ kó wọn sínú àpò náílọ́ọ̀nù kan, ẹ so ó mọ́ àárín ṣáńdílíà nígbà tí ẹ bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀. Ọmọ yín lè fẹ́ kí ó padà sí pálọ̀ lọ́jọ́ kan.