Èsì: Angelfish àti neon tetra nínú táńkì kan

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bóyá ẹja ọ̀ṣọ́ angelfish méjì lè bá neon tetra, ẹja kékeré, gbé nínú táńkì ẹja lítà 80 yín. Ní báyìí tí wọ́n ṣì kéré, kò sí wàhálà. Tí angelfish bá dàgbà tán, ẹja tó bá ti gba ẹnu rẹ̀, oúnjẹ ni, neon sì gbà á dáadáa. Lítà 80 gan-an kéré fún un. Tèmi ni pé kí ẹ fi angelfish sílẹ̀.

Ẹ mú neon mẹ́wàá àti corydoras mẹ́fà. Àárín omi ni neon ń lúwẹ̀ẹ́, ìsàlẹ̀ ni corydoras ti ń wá oúnjẹ, àwọn méjèèjì sì fẹ́ràn omi tí ọṣẹ tètè ń hó nínú rẹ̀. Ẹ má ra méjì-méjì o. Ẹja tó ń rìn lọ́wọ̀ọ́ ni wọ́n, ẹ̀rù máa ń bà wọ́n tí wọn ò bá pọ̀. Iyanrìn ni kí ẹ tẹ́ sísàlẹ̀, kí òkúta má baà ha irùngbọ̀n tí corydoras fi ń wá oúnjẹ.

Kribensis tí ẹ tún dárúkọ, ọmọ odò gúúsù Nàìjíríà níbí ni, ó sì rẹwà. Àmọ́ tó bá ti yé ẹyin, corydoras ò ní rímú mí. Tiger barb ńkọ́? Rárá o, lẹbẹ ẹlòmíì ló máa ń gé jẹ.