Ṣé mo lè fi sọ́fítíwíà akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo sórí láptọ́ọ̀pù mi ní Àgọ́-Ìwòyè àti kọ̀ǹpútà ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde?

Bẹ́ẹ̀ ni, bí láísẹ́ǹsì rẹ̀ (àṣẹ láti lò ó) bá gba kọ̀ǹpútà méjì, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ló gbà á.

Microsoft Office Home and Student 2021, èyí tí a ń sanwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wà fún kọ̀ǹpútà kan péré. Orúkọ "Student" tó wà lára rẹ̀ ló sábà máa ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Microsoft 365 tí ilé-ìwé ń fún akẹ́kọ̀ọ́ yàtọ̀: ó lè gba kọ̀ǹpútà 5, tábúlẹ́ẹ̀tì 5 àti fóònù 5. Àmọ́ bó bá jẹ́ A1, ìyẹn irú rẹ̀ tó jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ilé-ìwé, ni ilé-ìwé yín gbà, orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni ẹ ó ti máa lo Word àti Excel. Ti Adobe, ilé-iṣẹ́ tó ṣe Photoshop, ní tirẹ̀ gbà kí ẹ wọlé sórí kọ̀ǹpútà méjì, ṣùgbọ́n ọ̀kan ni ẹ lè lò lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹni kan ni láísẹ́ǹsì akẹ́kọ̀ọ́ wà fún, iye kọ̀ǹpútà yòówù kó gbà. Bí àyè bá tilẹ̀ ṣẹ́kù, kò tọ́ kí ẹ fi sí ti ẹni tí ẹ jọ ń gbé yàrá, ká má tíì sọ ti ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ iṣẹ́ fún oníbàárà.

Bí láptọ́ọ̀pù tí Microsoft 365 tàbí Adobe wà lórí rẹ̀ bá bàjẹ́ tàbí tí wọ́n jí i, ẹ wọ àkáǹtì yín lórí ẹ̀rọ mìíràn, kí ẹ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Àyè rẹ̀ á ṣí sílẹ̀.