Table yín ò ṣófo, ọlọ́dẹ ló wà lẹ́nu ọ̀nà

Ìbéèrè yín rèé: ìlà mẹ́wàá wà nínú table orders lórí Supabase (ibi tí app yín ń tọ́jú data sí), ẹ ń fojú ara yín rí wọn ní dashboard, àmọ́ bí app bá béèrè, [] lásán ló ń bọ̀, error kankan ò sì yọjú. Kò sí ohun tó bàjẹ́. RLS (Row Level Security, ààbò tó ń pinnu ìlà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè rí) ló ń ṣiṣẹ́ ẹ̀.

Postgres, irú database kan, ni Supabase nísàlẹ̀. Browser oníbàárà ló ń bá database sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ API Supabase, kò sí server tiyín láàárín tí yóò béèrè pé "ta nìyẹn?" Ẹnu ọ̀nà table gan-an ni ọlọ́dẹ wà, òun ni RLS. Policy, ìyẹn òfin tí ẹ kọ fún un, lẹ fi ń sọ ẹni tó lè wọlé fún un. Bí kò bá sí policy, kì í bá èèyàn jà, ṣe ló máa ń ṣe bí ẹni pé ilé ṣófo.

Ẹ má tìtorí ẹ̀ pa RLS, ẹ má sì fi kọ́kọ́rọ́ service_role (èyí tó ń fo RLS kọjá) sínú app. Ìlà á yọ lóòótọ́, àmọ́ ẹnikẹ́ni tó bá tẹ F12 láti wo inú code app nínú browser ti gba gbogbo ilé nìyẹn. Anon key, tàbí publishable key tó rọ́pò rẹ̀, ìyẹn kọ́kọ́rọ́ gbangba, ni ti browser.

Table gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ni ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi column user_id kún un, irú rẹ̀ uuid, kí default rẹ̀ jẹ́ auth.uid(), ìyẹn ID ẹni tó login. Lẹ́yìn náà, nínú SQL Editor:

create policy "ka_tire" on orders for select to authenticated
using ((select auth.uid()) = user_id);

create policy "fi_tire_si" on orders for insert to authenticated
with check ((select auth.uid()) = user_id);

Ẹ má yọ select inú àkámọ́ yẹn. Òun ló ń jẹ́ kí Postgres ṣírò auth.uid() lẹ́ẹ̀kan péré, dípò kó máa ṣe é fún ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi index (atọ́ka tó ń mú kí wíwá yá) sórí user_id náà.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ní policy ò ṣiṣẹ́: ìlà mẹ́wàá yẹn ò ní yọ síbẹ̀. Dashboard lẹ ti tẹ̀ wọ́n wọlé, kò sí ẹni tó login, null ni user_id wọn, null kì í sì í bá ẹnikẹ́ni dọ́gba. Ẹ mú UID account tí ẹ fi ń dánwò ní Authentication, kí ẹ fi update gbé e sí wọn.

Bí insert bá mú error 42501 (ẹ ò ní àṣẹ) wá, bóyá ẹni náà ò tíì login, tàbí user_id tí app fi ránṣẹ́ kì í ṣe tirẹ̀. Èyí tó ń tanni jù ni .insert().select(): select ẹ̀yìn yẹn ń fẹ́ policy select, bí kò bá sí, insert tó dára á kú pẹ̀lú error kan náà. Update burú jù ú lọ. Láìsí policy select, kò ní pariwo, kò sì ní yí nǹkan kan padà.

Bí ẹ ò bá yí role padà, SQL Editor ò ṣeé fi dán policy wò, torí ó ń fo ọlọ́dẹ kọjá. Account méjì ni kẹ́ ẹ ṣí, ọ̀kan ní incognito, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ìkíní ń rí ẹrù ìkejì.

Bó bá wá di pé ìlà ń yọ àmọ́ tí kò kọjá 1,000, ìyẹn ò kan policy mọ́. Ààlà tí wọ́n fi sí API láti ìbẹ̀rẹ̀ ni; .range() lẹ máa fi gbà á ní ìpín-ìpín.