Èsì: Kí ló dé tí ọkọ̀ náà ò tètè dé ISS?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní rọ́kẹ́ẹ̀tì gbéra ní Florida, kò tó ìṣẹ́jú 10 tí àwọn ará inú ọkọ̀ òfuurufú Dragon fi dé òkè, àmọ́ ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ kí wọ́n tó dé ISS, ilé ìwádìí tó ń yí ayé po lókè lọ́hùn-ún. Ṣé wọ́n ṣìnà ni?

Wọn ò ṣìnà rárá. Nǹkan bíi 400 kìlómítà ni ISS fi ga jù wá lọ, bí ọ̀nà Kútọnu sí Parakou. Gíga kọ́ ni wàhálà, eré ni. Nǹkan bíi 28,000 kìlómítà ló ń sá ní wákàtí kan. Ẹ wo ẹni tó fẹ́ bọ́ látorí zémìjan kan sórí òmíràn lójú eré: àfi kí eré méjèèjì dọ́gba! Nítorí náà, ọkọ̀ á kọ́kọ́ máa yí ayé po nísàlẹ̀ díẹ̀, níbi tí yíyípo ti yá jù, á máa lé e bọ̀. Tó bá kù díẹ̀, á wá máa rìn bí ìgbín. Ọkọ̀ Soyuz kan, ti àwọn ará Rọ́ṣíà, fi nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta péré débẹ̀ lọ́dún 2020.

Tí ọkọ̀ bá ti so mọ́ ISS, ẹ má tíì pa fóònù tí ẹ fi ń wò ó. Wọ́n á kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá afẹ́fẹ́ ń jò kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Ibẹ̀ loorun máa ń gbé mi lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní Kétu níbí, mo rí ISS láti àgbàlá wa: ìmọ́lẹ̀ funfun kan tí kì í ṣẹ́jú, ó gba orí igi máńgòrò kọjá, ó sì dédé pòórá. Ó ti wọ òjìji ayé.