Èsì: Kí ló dé tó jẹ́ ẹ̀dọ̀ ni mẹ́dọ̀wú B ń bá jà?

Ẹ kú ìbéèrè, Ìyá Ìbejì. Ẹ ní àyẹ̀wò tí ẹ̀gbọ́n yín ṣe ní Yábàá gbé mẹ́dọ̀wú B (hepatitis B, àrùn ẹ̀dọ̀ tí fáírọ́ọ̀sì ń fà) jáde, ẹ wá ń bèèrè ìdí tó fi mú ẹ̀dọ̀, àti nípa ìmọ́lẹ̀ infrared, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí, tí ẹ gbọ́ pé wọ́n fi ń yẹ ẹ̀dọ̀ wò. Ẹnu ọ̀nà ló rí níbẹ̀. Purotéènì kan, NTCP, wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fa iyọ̀ òróòro (bile salts, èròjà inú omi òróòro) wọlé láti inú ẹ̀jẹ̀. Òun ni fáírọ́ọ̀sì náà ń gbà wọlé. Ọdún 2012 ni àwọn onímọ̀ rí i pé ibẹ̀ ló ń gbà. Ti ìmọ́lẹ̀ infrared yẹn, wọ́n ń tàn án sí ègé ẹ̀dọ̀ láti mọ ibi tí jẹjẹrẹ wà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìwádìí ló ṣì pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró dè é. Kí ẹ̀gbọ́n yín tètè rí dókítà ẹ̀dọ̀, kí gbogbo ará ilé yẹ ara wọn wò. Ẹni tí kò bá ní in, kó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára.