Ṣé olè ni wọ́n ká mọ́ iléeṣẹ́ ọmọ mi lọ́wọ́?

ÌBÉÈRÈ: Bàbá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin ń kọ ìwé owó ní iléeṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tó ń ṣe irinṣẹ́ fún àwọn ológun. Ó ní ìjọba ti ń di 5% mú nínú owó wọn nítorí ìwé owó wọn kò gún. Ṣé olè ni wọ́n ká mọ́ wọn lọ́wọ́ ni? Mi ò rí oorun sùn mọ́. (Ìyá aláṣọ, ọjà Ouando, Àjàṣẹ́)

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ fọkàn balẹ̀. Owó yẹn kì í ṣe ìtanràn. Bí wọ́n bá tún ibi tó kù díẹ̀ káàtó ṣe, tí ìjọba sì fọwọ́ sí i, wọ́n á san án fún wọn.

Òfin tí wọ́n ṣe ní 2011 ló bí i. Nǹkan mẹ́fà ló dá lé: bí agbaṣẹ́ṣe ṣe ń kọ ìwé owó, bó ṣe ń díye lé iṣẹ́, bó ṣe ń rajà, bó ṣe ń tọ́jú ohun ìní ìjọba, bó ṣe ń ṣọ́ ohun èlò, àti bó ṣe ń fi iṣẹ́ tó ti ṣe wé owó tó ti ná. Àwọn DCAA, ìyẹn àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò owó àwọn agbaṣẹ́ṣe fún iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, ló sábà ń yẹ ìwé owó wò, ṣùgbọ́n ọ̀gá tó ń bójú tó àdéhùn fún ìjọba ló ń pinnu. Bí ẹyọ kan bá lábùkù, 5% ni. Bó ju ẹyọ kan lọ, kò gbọdọ̀ kọjá 10%. Iléeṣẹ́ ní ọjọ́ 45 láti tún un ṣe tàbí kí wọ́n kọ ètò àtúnṣe ránṣẹ́. Bí ètò náà bá sì ń lọ dáadáa, 5% á wálẹ̀ sí 2%.

Ẹ bi í bóyá ìwé wákàtí ló fà á. Òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ wákàtí tó fi ṣe iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí owó iṣẹ́ kan má bàa wọnú òmíràn. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. Mo bá agbaṣẹ́ṣe kan kọ ìwé nígbà tó ń kọ́ kíláàsì ní Kétu. Nínú ìwé, gbogbo sìmẹ́ńtì ti wọ iléèwé. Mo débẹ̀, ògiri kò ga ju orúnkún mi lọ. Ilé ọ̀gá fúnra rẹ̀ ti kan páànù. Bíríkìlà kan náà wà nínú ìwé iṣẹ́ méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, àwọn ọmọ sì ń kàwé lábẹ́ igi máńgòrò. Òfin tó bá ń wádìí irú èyí, èmi gbárùkù tì í.

Ẹ sọ fún ọmọ wa pé kó ní kí wọ́n fi òun sára àwọn tó ń kọ ètò àtúnṣe náà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kó fọwọ́ sí wákàtí tí kò ṣẹlẹ̀, kó kọ̀ jálẹ̀: ìwé tí kò gún ṣe é tún ṣe, ṣùgbọ́n irọ́ tí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ kọ fún ìjọba níbẹ̀ lè gbé e dé ẹ̀wọ̀n.