Báwo ni ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ṣe ń mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ wú?

Ìbéèrè: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Nígbà tí mo ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, dókítà sọ fún mi pé LDL mi, ìyẹn ọ̀kan lára ohun tó ń gbé ọ̀rá kiri nínú ẹ̀jẹ̀, ga ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì fi kún un pé kì í ṣe dídí òpó ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ewu rẹ̀, pé ó tún máa ń fa ìwúlé nínú ògiri òpó náà. Èmi rò pé kòkòrò àrùn tàbí ọgbẹ́ ló ń fa ìwúlé. Báwo ni ọ̀rá ṣe ń dá a sílẹ̀? HDL tí wọ́n ní ó dára ńkọ́, ṣé ó lè mú un rọlẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Òótọ́ ni dókítà yín sọ, inú mi sì dùn pé ó sọ ọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì gbà pé ńṣe ni ọ̀rá ń dí òpó ẹ̀jẹ̀ bí ìdọ̀tí ṣe ń dí páìpù omi. Páìpù kò ní ẹ̀mí. Ògiri òpó ẹ̀jẹ̀ ní ẹ̀mí, àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń gbèjà ara sì ń wọ inú rẹ̀, wọ́n ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àwọn mìíràn nínú wọn sì ń kú síbẹ̀.

Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, irú ọ̀rá kan tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, kì í yòrò nínú omi, nítorí náà kò lè dá rìn nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn horo tíntìntín tí ọ̀rá àti prótíìnì para pọ̀ dì ló ń gbé e kiri, àwọn ni à ń pè ní lipoprotein. LDL, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bíi nánómítà 22, ń gbé e lọ fún àwọn sẹ́ẹ̀lì tó nílò rẹ̀; HDL tó kéré sí i ń kó èyí tó ṣẹ́ kù padà sí ẹ̀dọ̀. Michael Brown àti Joseph Goldstein, tí wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1985, ló fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì ní ẹnu ọ̀nà kan tí LDL ń gbà wọlé, àti pé bí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù bá ti tó sẹ́ẹ̀lì, ó máa ń dín iye ẹnu ọ̀nà náà kù.

Bí LDL bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń yọ́ wọ abẹ́ awọ inú òpó ẹ̀jẹ̀, á sì há síbẹ̀. Bó bá pẹ́ níbẹ̀, àwọn èròjà ọ́síjìn á bà á jẹ́, ògiri náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ pe sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, àfi bí ẹni pé kòkòrò àrùn ló wọlé. Àwọn tó bá jẹ́ ìpè náà á di macrophage, sẹ́ẹ̀lì tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa gbé ohun tó bá bàjẹ́ mì. Ẹnu ọ̀nà tó fi ń gbé LDL tó ti bàjẹ́ mì yàtọ̀ sí ti Brown àti Goldstein, nítorí kì í tì bí sẹ́ẹ̀lì bá yó. Ó ń gbé mì ṣáá, títí inú rẹ̀ yóò fi kún fún ẹ̀kán ọ̀rá.

Ẹ jẹ́ kí a sún mọ́ ọ̀kan nínú wọn. Nínú àpò tí ó ti ń lọ ohun tó gbé mì, kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tó ti pọ̀ jù máa ń dì, á sì di kírísítálì tí etí rẹ̀ mú. Kírísítálì yìí á dá àpò náà lu, ohun tó wà nínú rẹ̀ á sì dà sínú sẹ́ẹ̀lì. Àkójọpọ̀ prótíìnì kan wà níbẹ̀ tí à ń pè ní NLRP3, tó máa ń mọ̀ bí irú jàǹbá bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀. Bó bá ti ta jí, á mú kí sẹ́ẹ̀lì tú èròjà interleukin-1 beta jáde, èyí tó ń pe àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun mìíràn wá. Ìwádìí tó jáde ní ọdún 2010 fi èyí hàn gbangba. Báyìí ni ìwúlé ṣe ń bẹ̀rẹ̀ láìsí kòkòrò àrùn kankan, kì í sì í tán bọ̀rọ̀, nítorí LDL kò dẹ́kun wíwọlé. Níbi tó bá wú jù, awọ tó bo ọ̀rá náà á tín-ín-rín. Bó bá ya, ẹ̀jẹ̀ á dì lé e lórí, ìkọlù ọkàn sì lè tẹ̀ lé e.

Ẹ̀rí tó dá mi lójú jù lọ ni ìwádìí CANTOS ti ọdún 2017, tí wọ́n ṣe pẹ̀lú àwọn ènìyàn tó lé ní 10,000 tí ìkọlù ọkàn ti bá rí. Oògùn canakinumab, tó ń dènà interleukin-1 beta, kò dín LDL wọn kù rárá, síbẹ̀ ìkọlù ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti ikú àrùn ọkàn lápapọ̀ fi nǹkan bí ìdá 15 nínú 100 dín kù láàárín àwọn tó gba mílígíráàmù 150. Àmọ́ àkóràn tó ń ṣekú pani pọ̀ díẹ̀ sí i láàárín àwọn tó lò ó, nítorí èròjà kan náà ni ara fi ń bá kòkòrò àrùn jà.

Ní ti HDL, bẹ́ẹ̀ ni, ó ń ran macrophage lọ́wọ́: ó ń gba kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tó pọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀, èyí sì ń mú kí sẹ́ẹ̀lì náà rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà rẹ̀ nìkan. Oògùn torcetrapib gbé HDL ga gan-an, wọ́n sì dá ìwádìí rẹ̀ dúró ní ọdún 2006 nítorí pé àwọn tó ń lò ó ń kú ju àwọn tí kò lò ó lọ. Bákan náà, bí ara bá ń bá àrùn jà, prótíìnì mìíràn tí à ń pè ní serum amyloid A máa ń gba ipò lára HDL, agbára rẹ̀ láti mú ìwúlé rọlẹ̀ á sì dín kù.

Ìbéèrè: Bó bá jẹ́ pé ìwúlé ló ń ṣe òpó ẹ̀jẹ̀ léṣe, ṣé mi ò lè máa lo ibuprofen tó ń mú ìwúlé rọlẹ̀, dípò statin, oògùn tó ń dín LDL kù, tí dókítà kọ fún mi?

Ìdáhùn: Rárá, ẹ jọ̀ọ́. Ibuprofen àti diclofenac, oògùn irú rẹ̀ mìíràn, lè mú kí ewu ìkọlù ọkàn pọ̀ sí i ni, pàápàá bí ènìyàn bá ń lò wọ́n lójoojúmọ́. Statin ń mú kí ẹ̀dọ̀ fi kún ẹnu ọ̀nà tó fi ń gba LDL wọlé láti inú ẹ̀jẹ̀, nípa bẹ́ẹ̀ èyí tó ń há sínú ògiri òpó ẹ̀jẹ̀ á dín kù kí macrophage tó dé ibẹ̀. Bó bá ń mú kí ẹran ara máa ro yín, ẹ sọ fún dókítà kí ẹ tó dá a dúró: ó lè dín ìwọ̀n rẹ̀ kù, ó lè pààrọ̀ rẹ̀ sí statin mìíràn, tàbí kí ó lo ezetimibe, oògùn mìíràn tó ń dín LDL kù.